"Ìsọjí" ni, àbí "àtúngbé"? Lórí orúkọ tí a fẹ́ fún iṣẹ́ àárín ìgboro

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjíròrò.

Mo ka ìbéèrè aṣògbufọ̀ wa tó ń wá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àwọn àdúgbò àtijọ́: kí wọ́n tún ilé ṣe, kí ọdún ìbílẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ padà síbẹ̀, kí èrò máa wọ́ wá. Òun fúnra rẹ̀ dábàá "ìsọjí àárín ìlú". Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní "àtúntẹ̀dó" ló dáa jù. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan.

Ẹni tó bá rí "ìsọjí" lára pátákó l'Ékòó, aago tí ìsìn máa bẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wá. Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó kú tàbí tó dákú là ń sọ jí. Ta ló ní Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Bràsíìlì dé l'Ékòó, kú? Ẹ gba Tinúbú kọjá lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí ibi fẹsẹ̀ lé. Ilé ló ń wó níbẹ̀, èèyàn ò dín.

"Àtúntẹ̀dó" tún léwu jù. Ẹni tó ń tẹ ìlú dó, ibi tí kò sẹ́nì kan ló dé, tàbí ibi tó ti lé onílé kúrò. Ẹ wo àdúgbò Pelourinho ní Salvador, ní Bàhíà, ní Bràsíìlì. Òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ kí wọ́n tó nà án ni orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ẹrú ìlú yẹn sì jẹ́ Nàgó, ẹ̀jẹ̀ wa. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, kọ ọ́ mọ́ àjogúnbá ayé ní 1985. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ tún àwọn ilé náà kùn, ó dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tálákà tó ń gbé inú wọn ni wọ́n fún lówó táṣẹ́rẹ́ pé kí wọ́n máa lọ, ṣọ́ọ̀bù àwọn arìnrìn-àjò sì gba ipò wọn. Àtúntẹ̀dó gidi nìyẹn! Bó bá jẹ́ ohun tí a ń wá nìyẹn, ẹ̀gbọ́n jàre.

Àwọn kan tún kọ "ohun ìṣẹ̀ǹbáyé". Kò bá ilé Àgùdà mu. Àwọn tó ti Bràsíìlì dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kọ́ wọn, pẹ̀lú òdòdó sìmẹ́ǹtì lójú fèrèsé. "Àjogúnbá" ni kí a dì mú, nítorí ogún wà nínú rẹ̀, ibi tí ogún bá sì wà, ìjà ò jìnnà. Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúbú, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀ ilé ẹbí ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ohun tí òfin pè ní ti gbogbo wa, ogún tó ṣeé pín ni lójú ẹbí.

Èmi, "àtúngbé" ni mo mú wá, ìyẹn kí èèyàn tún máa gbé inú ilé náà. Ẹni tó ń sùn nínú ilé ló ń mọ ibi tí òrùlé ti ń jò. Ẹ ronú sí ilé João Esan da Rocha ní Kákáwá, tí wọ́n ń pè ní Casa d'Água, ìyẹn Ilé Omi. Ẹwà rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Kànga ni, àti àwọn aládùúgbò tó ń gbé garawa wá pọn omi.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní "gbé" tún jẹ́ ká gbé ẹrù. Òótọ́ ni, ohùn kan náà sì ni. Ṣùgbọ́n a ní "olùgbé", kò sì sẹ́ni tó ń fi í pe alábàárù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kọsẹ̀ ni Freedom Park l'Ékòó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ibi ìgbafẹ́ ní 2010; ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni ìtàgé ńlá wà báyìí. Ta ló fẹ́ tún ẹ̀wọ̀n gbé? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó gba ìyẹn mọ́ra, kó mú un wá, màá ju tèmi nù.

Ní báyìí ná, ohun tí mo máa kọ sára pátákó aṣògbufọ̀ wa ni "Àtúngbé ìgboro àjogúnbá". Bí àyè bá ṣẹ́kù, kó fi "pẹ̀lú àwọn onílé" kún un.