Ayẹyẹ ìkówójọ ẹgbẹ́ aláàánú: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Láti Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó béèrè bóyá owó lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìnáwó ayẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa.

Owó ìdánwò WAEC ni ẹgbẹ́ wa ń bá àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí i san san. Ọjọ́ tí a máa ṣe ayẹyẹ la kọ́kọ́ jiyàn lé lórí. Àwọn kan ní ó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Mo ta kú. Nǹkan bí oṣù Kẹrin sí Ìkarùn-ún ni ìdánwò ọ̀hún máa ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọmọ sì ti gbọ́dọ̀ wọlé tipẹ́ kó tó dìgbà náà. Owó tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ wo ló fẹ́ gbà sílẹ̀? Oṣù Kejìlá la mú, nígbà tí àwọn ọmọ Ajílété, ìyẹn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń wálé. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún Sátidé! Ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe ló ni ín, àga àti kánọ́pì á sì gbówó lórí. Ọjọ́rú la ṣe tiwa, nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan tó ti gba ìsinmi.

Alága ọjọ́ náà kò yọjú, bẹ́ẹ̀ àwòrán rẹ̀ ló wà lára káàdì ìpè. Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Tààrà la bẹ̀ pé kó bá wa jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn wọ́n, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n ka owó sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ọmọ méjì ni tèmi." Bí gbogbo ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye ọmọ tí wọ́n máa sanwó ìdánwò fún ka owó nìyẹn: "Tèmi ọmọ kan," "Tèmi márùn-ún." Orí mi wú.

Akọ̀wé wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye ọmọ, ọjọ́ tí ẹni náà máa san án. Ọ̀pọ̀ ló fi fóònù rán tiwọn lójú ẹsẹ̀ sí àkáǹtì ẹgbẹ́. Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni o, kì í ṣe ti akápò. A ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, a sì là á yé wọn pé CAMA ti 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ pín irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́wọ́.

Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ la fi ṣàlejò. A kò pín ike tàbí táwẹ́lì. A kò sì to àwọn ọmọ síwájú èrò. Kí ni wọ́n fẹ́ máa fi ojú aláìní wò wọ́n fún nígboro?

Láti Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwa kò tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà wa. A ní kí àwọn afíngbá àti oníṣẹ́ awọ fún wa ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn kọ̀ọ̀kan, a wá lu àwọn iṣẹ́ náà ní gbàǹjo. Igbá tí wọ́n fín ẹyẹ àti ejò sí lára ni wọ́n jà sí jù, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá láti Àbújá ń bu owó lé ti ara wọn. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ ọn, kí iṣẹ́ lè tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé nǹkan kúrò lórí tábìlì àfi tó bá sanwó tán.