Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní mo ti buwọ́ lùwé pé wọ́n kọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alábòójútó)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ará ilé. Alábòójútó, ẹ ṣé tí ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́. Láti àná ni ojú mi ò ti gbẹ.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ àdúgbò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí, dókítà tó ni ibẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí mo bá ti lo oṣù mẹ́fà, owó mi yóò gòkè. Títí dòní, kọ́bọ̀ kan ò gorí rẹ̀. Ọdún Iléyá, èmi ni iṣẹ́ alẹ́. Kérésì, èmi náà ni. Mo bímọ, àádọ́ta ọjọ́ ò tíì pé tí wọ́n ti ń pè mí pé ta ni mo fẹ́ kó máa gbé dírípù kọ́. Mátírọ̀n wa kì í pè mí lórúkọ, "ìwọ yẹn" ló máa ń pè mí, lójú àwọn aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá nìyí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kun ilé, wọ́n gbé agolo tí wọ́n fi ń paná kọ́ ara ògiri, wọ́n ra páálí yẹ́lò méjì tí à ń ju abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí, wọ́n lẹ ìwé "ẹ fọwọ́ yín" mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Rẹ́jísítà kan sì wà tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dá gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò àti bí a ṣe ń dènà àkóràn. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan. Ìbuwọ́lù wa ló wà níbẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò dé, wọ́n wò ó, wọ́n lọ.

Ní báyìí, abẹ́rẹ́ gún mi ní wọ́ọ̀dù. Mo lọ bá Mátírọ̀n, ohun tó sọ sí mi ni pé, "Ṣé o ò buwọ́ lùwé pé wọ́n ti kọ́ ẹ ni? Ẹni tí wọ́n kọ́ kì í dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà." Lójú aláìsàn! Ó ní bí mo bá tún sọ ọ́ níbì kan, wọn yóò yọ ọ́ nínú owó mi, torí èmi ni mo ṣe àìbìkítà.

Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, àbí kí n lọ fẹjọ́ wọn sun ìjọba? Ọkọ mi ní kí n dákẹ́.

Màmá Ìbejì Òkè-Fíà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ohun tójú yín ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn kan ṣáájú kí n tó bímọ, owó oṣù méjì àbọ̀ ni wọ́n jẹ mí lọ. Mátírọ̀n tiwa a máa ká páálí ìbọ̀wọ́ mọ́ inú dúrọ́ọ̀, á tì í pa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń fún wa, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó tún un wọ̀. Ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, ọbẹ̀ adìyẹ ni mo sè. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ẹ wá nǹkan tà.

Ọmọ Ìgbónà

Èmi ò ní bá yín pa á mọ́ra. Ta ló ní kí ẹ buwọ́ lu ohun tí ẹ ò ṣe? Ọmọdé ni yín? Ìbuwọ́lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, kóòtù kò ní bi yín bóyá ọkàn yín wà níbẹ̀.

Alálábù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti Mátírọ̀n sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ń ṣe. Ọjọ́ wo ni abẹ́rẹ́ náà gún yín, aago mélòó? Ṣé a ti fi gún aláìsàn kó tó gún yín, àbí tuntun ni? Ṣé ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹ ti gba àjẹsára mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́) rí? Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ẹni tó béèrè

@Ọmọ Ìgbónà, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá kọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ilé mi? Ẹnì kan kọ̀ lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kẹta ni wọ́n lé e. Gbogbo wa la wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lanu.

@Màmá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Tiwa náà ń ti ìbọ̀wọ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ má bú u jàre. Ilé ìwòsàn wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ìwé ni àwọn aláyẹ̀wò ń fẹ́, ìwé ni wọ́n ń fún wọn. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ayétòrò, mo fi ọdún 33 ṣe iṣẹ́ yìí, má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní abúlé Lassa tó wà ní Bọ̀rọ̀nọ́ lónìí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mìíràn tó tọ́jú rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì kó o, òun náà kú. Ní oṣù kéje ọdún 2014, tí ọkùnrin kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà, Dókítà Ameyo Adadevoh ló dúró gbọn-in pé aláìsàn náà kò ní jáde. Oṣù kẹjọ ni ìyá náà kú, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ sì kú pẹ̀lú. Àwọn tó ń tọ́jú èèyàn ni àrùn ń kọ́kọ́ kàn. Ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n kọ́ wa nìyẹn.

Nígbà tiwa, ọsàn ni wọ́n fi ń kọ́ wa bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Tútọ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa á dúró tì ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá lọ síbi ìdérí lẹ́yìn tí o gún ọsàn tán, á gbá ọ lọ́wọ́. Ṣe ni o máa gbé e pẹ̀lú sírínjì rẹ̀ sínú páálí tààrà. Bí páálí bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, o dé e pa, o mú òmíràn. Wákàtí kan àbọ̀ tó láti fi kọ́ ẹni tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Kì í ṣe owó ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Ayétòrò

Ìyá, ẹ máa bínú. Ṣùgbọ́n ìgbà tiyín, ìjọba ń ra nǹkan fún yín. Aládàáni ló ń ra jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìgbónà

Ṣé jẹnẹrétọ̀ ló gún un lọ́wọ́?

Alálábù

Ẹ dákẹ́ ìjà, ẹ jọ̀ọ́. Àǹtí tó béèrè, mo tún ń bi yín: ọjọ́ wo, aago mélòó? Ọ̀rọ̀ wákàtí ni èyí.

Ẹni tó béèrè

Ọjọ́rú ni, lálẹ́. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àbọ̀, torí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Bàbá kan tí ibà ń bá jà ni mo gún ní abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ dé e padà kí n tó gbé e lọ, torí páálí yẹ́lò yẹn ti kún láti ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ti lọ, a ò rí òmíràn, inú ìgò omi la ń jù wọ́n sí. Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí gbogbo ẹ̀ lè jáde, mo da omi bílíìsì sí i. Ara mi le, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ìwà tí Mátírọ̀n hù sí mi ló ń dùn mí.

Alálábù

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ la wà yìí. Wákàtí 44 àbọ̀ ti lọ. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ gún kí kòkòrò HIV má bàa ráyè gbilẹ̀ lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ku wákàtí 27 àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè é, bí ó ti ń pẹ́ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ọjọ́ 28 lẹ máa fi lò ó, láìfo ọjọ́ kan.

Ẹ dìde nísìnyí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN tàbí ti ìjọba ní Asubiaro, ẹ wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera ni yín, abẹ́rẹ́ tí a ti lò gún yín. Ẹ má tún tẹ ojú ibẹ̀ mọ́, ẹ má da bílíìsì sí i mọ́, ó ń bó ara ni. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ló yẹ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù pa yín. Bí aláìsàn náà bá tilẹ̀ ní HIV, nínú ẹni 1,000 tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gún, bí ẹni 3 ló ń kó o. Mẹ́dọ̀wú B ló ń já mi láyà jù: bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ní in, tí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún kò sì gba àjẹsára, ó lè mú ẹni 6 títí dé 30 nínú 100. Ẹ ò tíì dáhùn ìyẹn.

Aládùúrà Òkè-Baálẹ̀

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn òyìnbó ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́. Ìyá mi ní àgbo kan tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Má fi àgbo dá a dúró lálẹ́ yìí. Bí wákàtí yẹn bá kọjá, ìyá rẹ ò lè dá a padà.

Ọmọ mi, ṣé o ti jáde nílé? Ṣé o ń fún ọmọ lọ́mú? Sọ fún wọn tí o bá débẹ̀. Ọmú kò ní kí o má gba oògùn, dókítà á bá ọ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Àbúrò Agbẹjọ́rò

Ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá gba oògùn, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kan aládàáni náà. Láàárín ọjọ́ 14 ló yẹ kí ẹ ti sọ fún agbanisíṣẹ́ yín, òun náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àpò owó ìsanpadà náà, létí. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó sí àpò yẹn, ìdá 1 nínú 100 owó tó ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Kódà bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe nìkan kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú.

Ọmọ Ìgbónà

Rẹ́jísítà yẹn ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde.

Ẹni tó béèrè

Mo ti wà lórí ọ̀kadà. A ti kọjá Ọláìyá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ. Èmi ni mo kọ rẹ́jísítà yẹn. Mátírọ̀n ní ọwọ́ mi mọ́ lójú ìwé, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wàrà ọmọ ni mo fi rà. Àwa méjìlá ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo buwọ́ lù ú fún àwọn mọ́kànlá tó kù, mo ń yí ọwọ́ ìkọ̀wé padà. Káàdì àjẹsára mẹ́dọ̀wú náà, èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀. Mi ò gba ọ̀kankan rí. Tèmi wà nínú báàgì mi báyìí, mo fẹ́ fi hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera ni mí.

Alálábù

Ẹ má fi káàdì yẹn hàn wọ́n! Bí wọ́n bá rí abẹ́rẹ́ mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n lè gbà pé ara yín ti ní ààbò, kí wọ́n má sì fún yín ní àjẹsára. Ẹ sọ fún dókítà ní gbangba pé ẹ ò gba ọ̀kankan. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ti mẹ́dọ̀wú fún yín lálẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ kejì tó ń gbé ààbò wọ ara lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Àwọn mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Èwo nínú wọn ló ń kó ìdọ̀tí dànù?

Màmá Ìbejì Òkè-Fíà

Olúwa ò. Mo ti ń bú Mátírọ̀n láti ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ Ìgbónà

Mo sọ̀rọ̀ líle sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó o padà.

Ẹni tó béèrè (Àbámẹ́ta, àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Mo gbé oògùn àkọ́kọ́ mì ní alẹ́ àná, kò tíì tó aago mẹ́jọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gún mi ní àjẹsára mẹ́dọ̀wú, mo máa padà wá gba méjì tó kù, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ kejì tí Alálábù sọ, wọ́n kọ ọ́ fún mi, ó wọ́n, ọkọ mi ti jáde láti lọ wá a. Wọ́n ní kí n padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n sì tún wá nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta. Mo sọ òótọ́ káàdì náà fún dókítà. Kò bú mi. Ó kàn dákẹ́, ó ń kọ̀wé lọ.

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Mo kọ ti rẹ́jísítà sínú rẹ̀, pé èmi ni. Àbúrò Agbẹjọ́rò ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kà á kí n tó fi sílẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló ń kó ìdọ̀tí dànù. Wọ́n ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ìgò omi tí a ń ju abẹ́rẹ́ sí yẹn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbé e. Wọn ò mọ̀wé kà, wọn ò mọ̀ pé orúkọ wọn wà nínú ìwé kankan. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ti gún àwọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, àwọn kàn fi òróró pa á ni.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Níbo ni wọ́n ń gbé?

Ẹni tó béèrè

Kẹ́lẹ́bẹ̀, mà.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Dúró dè mí níwájú ọjà. Mo ń mú páálí kan bọ̀, àti ọsàn.