"Ìyára" kò lè dúró fún méjèèjì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a fi "ìyára" túmọ̀ bandwidth (bí dátà tó lè gba ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ṣe pọ̀ tó) àti latency (bí iṣẹ́ tí a rán ṣe pẹ́ tó kó tó dé) pa pọ̀, nínú ìwé tí à ń kọ lórí yíyan ẹ̀rọ tó ń so ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ (bíi súwíìṣì). Wọ́n ní kí iṣẹ́ ṣáà ti yá ni gbogbo ènìyàn ń wá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ sọ́jà yóò ra ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ẹ wò ó: ìyá gbé ọbẹ̀ kaná, ó rán ọmọ lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ náà kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ọ̀nà ì báà gba tírélà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ bá pẹ́, ọbẹ̀ á máa dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan gba apá ilẹ̀ kan, ó sì gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu aládùúgbò rẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Lórí Ethernet gígábíìtì kan, ìyẹn ìsopọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, iṣẹ́ kékeré tí a fi TCP (ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ síra wọn) rán lè gba bíi ìdá 50 nínú 1,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan. InfiniBand, ìsopọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà ńlá, á jíṣẹ́ ní nǹkan bí ìdá 1 sí 2. Kí 50 yẹn tó pé, aago inú kọ̀ǹpútà onígígáháàtì 3 ti lù ní ìgbà 150,000.

Èyí tó là mí lójú jù ni Beowulf, ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tí Thomas Sterling àti Donald Becker tò jọ ní Goddard, ibùdó ìwádìí NASA ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1994. Kọ̀ǹpútà 16 ni, Ethernet mẹ́gábíìtì 10 ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà yẹn há, ni wọ́n bá fa okùn méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni. Ọ̀nà fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré tó gba inú okùn kan kò tìtorí ìyẹn tètè dé. Tí a bá pe méjèèjì ní "ìyára", báwo la ṣe fẹ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́?

Fún bandwidth, "ìbú ọ̀nà" tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnì kan bẹ̀rù pé wọ́n á kà á sí ibú omi, àmọ́ àmì ohùn yà wọ́n sọ́tọ̀, òró àti ìbú sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Latency ló le. "Ìdádúró" kò bá a mu: ẹni tí a dá dúró, ẹnì kan ló dá a dúró, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ a máa pẹ́ díẹ̀ kódà bí ọ̀nà bá dá páropáro. "Ìpẹ́" lásán, ara ẹja ló máa wá síni lọ́kàn. "Ìpẹ́lọ́nà" ni mo mú, torí ohun tí ìyá yẹn máa sọ gan-an nìyẹn: ọmọ yìí mà pẹ́ lọ́nà o.

Ẹ bá mi fi sẹ́nu wò: "Ìbú ọ̀nà súwíìṣì yìí tó, ìpẹ́lọ́nà rẹ̀ ló pọ̀ jù." Ẹni tó bá ní èyí tó dán mọ́rán jù ú lọ, kó jẹ́ ká gbọ́.