Biconical antenna: ṣé ẹnì kan ti ṣe é rí ní Ògbómọ̀ṣọ́?

ỌmọTákíé: Ẹ kú déédé ìwòyí o. Mo ní dongle RTL-SDR tí mo fi ń gbọ́ rédíò lórí laptop, Under-G ni mò ń gbé, áńtẹ́nà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tó máa gbé FM, tó máa gbé ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfúrufú, tó tún máa gbé UHF, ìyẹn ìgbì rédíò láti 300 MHz sókè. Wọ́n ní biconical lè ṣe é, pé bí ìgbà téèyàn bá fi ìdí tóóró àrọ méjì kanra ló rí. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n ẹ̀? Inverter kan tún wà ládùúgbò wa tó máa ń da rédíò láàmú lálẹ́, ṣé áńtẹ́nà yìí á bá mi wá ilé tó wà?

WáyàỌ̀yọ́: Àbúrò, òótọ́ ni. Dipole tín-ín-rín, ìyẹn áńtẹ́nà irin méjì tó nà sọ́tùn-ún sósì, gígùn ẹ̀ ló ń sọ frequency tó bá a mu, tó o bá ti kúrò níbẹ̀ báyìí impedance ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tako iná tó ń gbà á kọjá, tí wọ́n ń fi ohm wọ̀n, á yí. Kóònù ò rí bẹ́ẹ̀, igun ẹ̀ ló ń pinnu impedance. Tí igun láti àárín kóònù dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ 30 degree, tí kóònù ọ̀hún sì gùn láìlópin, bíi 158 ohm ni, kó tó bọ́ sí 50 ohm tí ọ̀pọ̀ wáyà rédíò ń lò, igun yẹn á tó bíi 67 degree, ìyẹn ti fẹjú gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣe kóònù tí ò lópin? Ibi tó o bá gé e sí ló máa sọ frequency tó kéré jù tó lè gbé, ẹ̀gbẹ́ kóònù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wavelength, ìyẹn gígùn ìgbì kan ní frequency yẹn. FM bẹ̀rẹ̀ ní 88 MHz, torí náà bíi 85 cm. Ó ti pẹ́ láyé o, Oliver Lodge ti gba patent irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1898.

ÀǹtíRF: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. ỌmọTákíé, jọ̀ọ́ má fi odidi páànù ṣe é, ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò á gbé e lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ tó o tò yíká ti tó. Àwọn tó ń wọn ariwo tí ẹ̀rọ ń tú síta, láti 30 dé 300 MHz, irin bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn, bí àgò ló rí. Ṣùgbọ́n biconical ń fẹ́ balun, ìyẹn ohun kékeré tó ń so apá méjì áńtẹ́nà tó dọ́gba mọ́ wáyà coaxial tó ń lọ sínú rédíò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara wáyà coaxial fúnra ẹ̀ á di áńtẹ́nà. Èmi ì bá ní kó o ṣe discone: yọ kóònù òkè, fi irin pẹlẹbẹ roboto tó fẹ̀ tó bíi 60 cm rọ́pò ẹ̀, wáyà àárín lọ sórí ẹ̀, àwọ̀n ìta wáyà lọ sára kóònù tó kọjú sílẹ̀, o ò nílò balun mọ́.

ỌmọTákíé: Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé á fa tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn?

WáyàỌ̀yọ́: Má gbọ́kàn lé e. Ó ń gbọ́ yíká, kò kọjú síbì kan, torí náà agbára ẹ̀ ò ju ti dipole lọ. Yagi, áńtẹ́nà onírin púpọ̀ tó ń kọjú síbì kan, ni kó o fi wo tẹlifíṣọ̀n. Ìdí kan náà ni kò fi lè tọ́ka inverter yẹn fún ẹ. Mú rédíò ọwọ́ tó ní AM, wá ibi tí ariwo yẹn wà lórí ẹ̀, kó o máa yí rédíò náà títí ariwo á fi lọ sílẹ̀ jù, ibi tí orí igi ferrite inú ẹ̀ (igi dúdú tí wọ́n wé wáyà mọ́, òun ni áńtẹ́nà AM ẹ̀) bá kọjú sí nígbà yẹn ni kó o gbà lọ, tàbí òdìkejì ẹ̀.