Ẹ má fi ọ̀rọ̀ oògùn tí ẹ lò pamọ́ fún dókítà

Bàbá Ìbejì, Birmingham
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, ó sì ní kí n kọ ọ́.

Ọmọ ọdún 58 ni mí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá mi fínra tipẹ́. Nígbà tí ìyàwó mi dé láti Ìsánlú lẹ́yìn ọdún méjì tí a ò ti fojú kan ara wa, mo mu àgbo mánpáwà tí ọ̀rẹ́ kan bá mi rà ní Kàbà, inú ọ̀rá dúdú ló wà, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Mo tún lo Viagra kan lé e. Ní aago méjì òru, orí bẹ́ẹ̀dì ni a wà, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi pinpin, apá òsì ń ro mí dé ìka. Ìyàwó mi pe 999.

Àwọn ará áńbúláǹsì méjì wọlé. Obìnrin àárín wọn ti yọ igò kékeré kan, èyí tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n. Ó bi mí bóyá mo lo Viagra. Mo mi orí pé rárá. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ìró mọ́ àyà, ojú ń tì mí. Obìnrin yẹn wò mí títí, ó ní kí ìyàwó mi bá òun kó àwọn oògùn mi wá láti kíṣìnì. Bí ìyàwó mi ṣe jáde, obìnrin náà tẹ̀ba, ó tún béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní mo lò ó, kò tíì ju wákàtí méjì lọ. Ó dá igò náà padà sínú àpò rẹ̀. Títí dòní, ọwọ́ tó fi dá a padà yẹn ni mo ń rí.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà, Leeds
Ọ̀kun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun púpọ̀ tí ẹ sọ ọ́.

Nitrate ló wà nínú igò yẹn. Ó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, Viagra náà ń là á. Bí méjèèjì bá pàdé lára ẹnì kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, ẹni náà sì lè má jí mọ́. Wákàtí 24 la fi ń jìnnà sí nitrate lẹ́yìn Viagra. Lẹ́yìn Cialis, oògùn mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bíi Viagra, wákàtí 48 ni. Ẹni tó ń lo isosorbide, tí òun náà jẹ́ nitrate, lójoojúmọ́ fún àyà dídùn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Viagra rárá.

Àgbo yẹn ló tilẹ̀ bà mí lẹ́rù jù. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ láìmọye ìgbà pé àwọn bá sildenafil, oògùn inú Viagra gan-an, nínú oògùn mánpáwà tí wọ́n ní ewé àti egbò lásán ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlọ́po méjì lẹ gbé mì láìmọ̀. Láti 2018 ni ilé oògùn ti ń ta Viagra Connect nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìwé dókítà. Apoògùn á bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó tà á. Ẹ sọ òótọ́ fún un.

Ẹ̀yin ọkùnrin, bí nǹkan yín bá le tí kò rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, tàbí tó dún pó lórí eré ìfẹ́, tó wú, tó dúdú, ọsibítù lẹ ń lọ lóru ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó lè bàjẹ́ pátápátá.

Ìyá Dámi, Croydon
Ọ̀kun o. Èmi ni mo ń béèrè, kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ mi ń wo fídíò, ó ní kí òun máa fún mi lọ́rùn díẹ̀ tí a bá wà papọ̀, pé bí a bá ti fẹnu kò, kò séwu. Mo gbà fún un.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà, Leeds
Àbúrò mi, mi ò bá ọ wí. Bí tọkọtaya bá fẹ́ fi okùn di ara wọn lọ́wọ́ nínú eré ìfẹ́, màá ní kí àlùmọ́gàjí wà nítòsí, kí wọ́n tú u bí ìka bá ti kú, kí wọ́n má sì fi ẹni tí wọ́n dì sílẹ̀ ní òun nìkan nínú yàrá. Ti ọrùn kò ní ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é láìséwu. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá 10 tí ènìyàn fi lè dákú, ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn kò sì lè sọ pé ó tó. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè fàya sínú, kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, láìsí àpá kankan lóde. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2022, fífún ènìyàn lọ́rùn ti di ẹ̀ṣẹ̀ gédégbé lábẹ́ òfin England àti Wales, ó lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún.

Ṣé ohùn rẹ há? Ṣé ó ń dùn ọ́ láti gbé itọ́ mì?

Ìyá Dámi, Croydon
Ohùn mi ti há láti ọjọ́ Àìkú. Mo rò pé òtútù ni.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà, Leeds
Má dúró de GP, dókítà àdúgbò rẹ. A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, ni kí o lọ báyìí, ọ̀fẹ́ ni. Sọ fún wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, pé wọ́n fún ọ lọ́rùn, kí wọ́n lè yẹ iṣan ọrùn rẹ wò. Bí o bá fẹ́ ògbufọ̀, wọ́n á wá a fún ọ, má mú Dámi dání láti túmọ̀. Mo ń pè ọ́ lórí fóònù, gbé e.

Ìyá Dámi, Croydon
Mo ti wọ bọ́ọ̀sì, àǹtí.