Ìyàwó mi gba ilé bàbá ẹ̀ lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Mi ò lè sùn. Ìyàwó mi kó ẹrù ẹ̀ lóru, ó gbé ọmọ, ó lọ bá bàbá ẹ̀ ní Ìsánlú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi ní Kàbà, mo ní kó gún iyán, ó ní ó rẹ òun, pé òun tí òun ń jókòó sídìí POS látàárọ̀ kọ́ ni òun tún máa gún iyán fún ọ̀lẹ. Lójú gbogbo wọn! Ọ̀kan ní ṣebí èmi náà ni mò ń pọn omi. (Kànga ló jìnnà.) Ọ̀kadà mi ti bàjẹ́, mẹkáníìkì ń fi òní dọ́la mi, ìyẹn ló fà á tó fi ń rí mi fín. Mo san owó orí pé. Kí ni kí n sọ fún bàbá ẹ̀?

Ọmọ Yàgbà: Pẹ̀lẹ́. Tèmi náà lọ nígbà kan, ìyá rẹ̀ ló ń tì í. Àna yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Rán ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lọ.

Akin: Ọkùnrin tó ń pọnmi! Ìwọ lo bà á jẹ́.

Ìyá Bọ́lá: Akin, bàbá mi pọnmi títí ó fi kú, ta ló pè é lóbìnrin? Ìwọ tóo béèrè, iyán kì í lé abiyamọ jáde lóru. Kí lo ṣe é?

Ẹni tó béèrè: Mo kàn bá a wí ni. Ẹ dáhùn ohun tí mo bi yín.

Akin: Ó lẹ́tọ̀ọ́. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tiwa lápá Àríwá, abala 55, gba ọkọ láyè láti bá ìyàwó wí.

Ọmọ Yàgbà: Rán ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lọ jàre.

Lọ́yà Ìjùmú: Akin, kà á tán. Tó bá ti di ọṣẹ́ ńlá, abala 55 ò gbà ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ọṣẹ́ wo? Ìgbájú kan péré. Ó ní etí òsì òun ò gbọ́ràn mọ́, nọ́ọ̀sì sì ń gbè é lẹ́yìn. Ṣé etí ń di tìtorí ìgbájú kan?

Lọ́yà Ìjùmú: Ka abala 241. Etí tó bá di títí láé wà lára ohun tí wọ́n pè ní ọṣẹ́ ńlá níbẹ̀.

Ìyá Bọ́lá: Gbogbo ọ̀rọ̀ iyán, ọ̀rọ̀ ọ̀kadà, etí lo gbé pamọ́! Fi owó dókítà ránṣẹ́ sí i lónìí. Ìwọ má débẹ̀.

Akin: Ádímìn, ẹ pa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó béèrè: Ẹ má pa á. Kò tíì sẹ́ni tó sọ ohun tí màá wí fún bàbá ẹ̀.