Nọ́súlù tó ń yí kò yí dáadáa mọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́súlù, ìyẹn orí onihò tí a ń so mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì kí omi lè fi agbára tú jáde, tí a fi ń fọ páìpù omi ìdọ̀tí ti ń lọ́ra láti yí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a rà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní: Iyanrìn ni mo fura sí. Kí ẹ tó so nọ́súlù mọ́ họ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ kọ́kọ́ ṣàn gba inú họ́ọ̀sì náà jáde, nítorí pàǹtí tó bá kù síbẹ̀ ni yóò lọ há sí bẹ́rìn, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí orí nọ́súlù lè yí. Kí ẹ sì máa yẹ asẹ́ ẹ̀rọ wò.

Ìdáhùn kejì: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìṣó tú ihò nọ́súlù tó bá dí. Bí ihò bá ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, agbára omi yóò dínkù, ó sì dùn mí pé báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ba ojúlówó irinṣẹ́ jẹ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé kí n fi gírísì sí i?

Ìdáhùn kìíní: Ó kù sí irú èyí tí ẹ ní. Omi fúnra rẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan yí geere, wọn kò fẹ́ gírísì rárá. Àwọn mìíràn ní òróró tó ki nínú, èyí tó ń dín eré wọn kù, tí a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ìwé tó bá a wá ni kí ẹ tẹ̀lé.